Dísìkì C: mi kún, n kò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi wá a

Onífídíò Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Èmi ni mò ń yà á, èmi náà ni mò ń gé e kí n tó fi jíṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Windows 10, RAM 8 GB, SSD 256 GB. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ìlà C: ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. 1.8 GB ló ṣẹ́ kù. Bí mo bá pa orin àti fọ́tò àtijọ́ rẹ́ lálẹ́ kí n lè rí 3 GB, ilẹ̀ á mọ́, àyè náà á ti lọ.

Ohun tó kó ìdààmú bá mi jù nìyí. Mo mú bírò, mo ṣí Properties fódà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀: Desktop 22 GB, Documents 9, Downloads 31, Pictures 18, Videos 26, Windows 27, Program Files méjèèjì 19. Mo rò ó pọ̀, 152 ni. Ṣùgbọ́n C: ní òun ti lo 235. Níbo ni 83 GB tó kù wọlé sí? Àti pé 256 ni wọ́n kọ sára dísìkì, kí ló dé tí Windows ń pè é ní 237? Ṣé ẹni tó tà á fún mi ti rẹ́ mi jẹ ni?

Mo ní fídíò ìyàwó kan tí mo gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ ní Sátidé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Àgbà Oníkọ̀ǹpútà

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ṣíwọ́ ìparẹ́ ná. O kò tíì rí ohun tó ń jẹ ọ́ ní àyè, o sì ti ń pa fọ́tò tí o kò lè rí yà mọ́ rẹ́.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti 237 yẹn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ọ jẹ. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ń ka GB kan sí bílíọ̀nù báìtì kan géérégé. Windows ní tirẹ̀ ń kà á sí 1,073,741,824. Fi iye yẹn pín bílíọ̀nù 256, 238.4 lo máa rí. Díẹ̀ tó tún yọ kúrò wà lọ́wọ́ àwọn abala kéékèèké tí Windows yà sọ́tọ̀ fún títan kọ̀ǹpútà àti títún ara rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni 500 ṣe ń di 465, tí 1 TB ń di 931. Nítorí náà, yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn.

83 GB yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ gba WizTree, ètò tó ń fi ohun tó ń gba àyè lórí dísìkì hàn. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni, àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n ní kó sanwó. Bí ìyẹn bá kọ ọ́ lọ́kàn, WinDirStat kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi fẹ́ràn WizTree ni pé ó yá. NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Master File Table. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe tóbi tó wà nínú ìwé yẹn. WizTree kì í rìn láti fódà dé fódà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kiri, ìwé yẹn gan-an ló ń ṣí kà. Dísìkì tí ẹlòmíì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò, á ti wò ó tán kí o tó gbé omi mu.

Bí o bá fẹ́ ṣí i, ọwọ́ ọ̀tún máòsì ni kí o fi tẹ̀ ẹ́, kí o mú Run as administrator. Èyí ṣe kókó. Bí o bá ṣí i lásán, àwọn yàrá tí Windows tì pa kò ní hàn ọ́, bóyá ibẹ̀ sì ni ẹrù wà.

Lókè ni àtòjọ fódà wà, èyí tó tóbi jù ló ń ṣáájú, ìdá tó kó nínú ọgọ́rùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, wàá rí àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà. Àpótí kan, fáìlì kan. Bí fáìlì bá ṣe tóbi sí ni àpótí rẹ̀ ń tóbi. Tẹ ọfà tó wà níwájú fódà tó tóbi jù, kí o tún tẹ ti èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, kí o máa wọlé lọ títí wàá fi bá fáìlì gan-an. Kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí o mú un wá síbí. Má pa nǹkan kan rẹ́ nínú WizTree fúnra rẹ̀ o.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹni tí dátà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láìgba ohunkóhun wálẹ̀. Settings, System, Storage. Dúró títí yóò fi kà á tán, lẹ́yìn náà tẹ Show more categories. Kò ní fi gbogbo rẹ̀ hàn yín bí WizTree, àmọ́ ẹ máa mọ̀ bóyá áàpù ni, fáìlì fún ìgbà díẹ̀ ni, tàbí Windows fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: ẹ ṣí C: nínú File Explorer, kí ẹ kọ size:>1GB sínú àpótí ìwákiri lápá ọ̀tún lókè. Gbogbo fáìlì tó ju 1 GB lọ yóò jáde. Ẹ ti kọ́kọ́ lọ sí View kí ẹ máàkì Hidden items, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó fara pamọ́ kò ní dá yín lóhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan, mo bẹ̀ yín. Lábẹ́ Storage, nínú Temporary files, Downloads wà láàárín àwọn tí ẹ lè máàkì fún ìparẹ́. Ẹni tó bá kàn ń máàkì gbogbo rẹ̀ láìkà á yóò pa gbogbo ohun tó ti gbà wálẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàdánù ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i báyìí, ó sì tó oṣù kan kó tó rí ẹ̀dà mìíràn gbà.

Onífídíò Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi parí. Mo rí i!

Fódà kan wà nínú fódà orúkọ mi tó ń jẹ́ AppData. N kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, n kò sì rí i rí. 57 GB. System Volume Information, 14 GB. Fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys, 9. Òmíràn, hiberfil.sys, 3. Mo rò ó pọ̀: 83. Ó pé géérégé!

Mo tún wọ inú AppData lọ. Roaming, Adobe, Common: 38 GB. Local, Packages: 8, WhatsApp ló pọ̀ jù níbẹ̀. Local, Temp: 7. Ti àwọn tí mo fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ló kù, 4 GB. Èwo ni mo lè fọwọ́ kàn, èwo ni n kò gbọdọ̀ súnmọ́?

Àgbà Oníkọ̀ǹpútà

O ṣeun tí o fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ àyè náà jókòó síbẹ̀ yẹn: 38 GB.

Media Cache ni. Bí o bá gbé fídíò wọ inú Premiere, ìyẹn ètò Adobe tí o fi ń gé fídíò, ó máa ń ṣe ẹ̀dà ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kà, ìyẹn ni àwọn fáìlì .cfa tí wàá bá níbẹ̀. Ó tún máa ń ya àwòrán ìgbì ohùn náà, ìyẹn .pek. Ó ń ṣe èyí kí iṣẹ́ lè yá ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń gé e. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá parí, tí o sì ti fi jíṣẹ́, ẹ̀dà wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo òde tí o ti yà láti ọjọ́ tí o ti ra láptọ́ọ̀pù yẹn ló fi ohun díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Fídíò gidi kò sí nínú rẹ̀. Bí o bá pa á rẹ́, tí o tún ṣí iṣẹ́ kan, Premiere yóò tún un ṣe, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni. Má ṣe lọ pa á rẹ́ láti inú fódà. Ṣí Premiere láìṣí iṣẹ́ kankan, lọ sí Edit, Preferences, Media Cache, kí o tẹ Delete níbẹ̀, kí o yan gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí 3 GB fi ń lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ lóru nìyẹn pẹ̀lú. Wò ó bóyá o máa ń gbé fídíò ọjọ́ náà wọlé lálẹ́, tí o sì ń fi Premiere sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ sùn. Bí o bá fẹ́ rí i kedere, lo WizTree lálẹ́, kọ iye AppData sílẹ̀, kí o tún lò ó láàárọ̀.

Temp: pa gbogbo áàpù dé, kí o pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Èyí tí Windows bá sọ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, fò ó kọjá. Pagefile.sys: má fọwọ́ kàn án. RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, kò tó fún gígé fídíò bó bá jẹ́ 8 GB, inú pagefile.sys ni kọ̀ǹpútà ń lọ yá àyè sí nígbà tí RAM bá kún.

Kúnlé Díráìfù

Hiberfil.sys ni kí o kọ́kọ́ pa. Ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kọ powercfg /h off. 3 GB yóò padà wá lójú ẹsẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá dé ọwọ́ mi ni mo ń ṣe é fún.

Sáfà Lóru

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ má bínú, èmi kò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Fáìlì yẹn ni kọ̀ǹpútà ń da ohun tó wà nínú RAM sí tó bá fẹ́ sùn pátápátá. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí bátìrì sì ń lọ sí òpin nígbà tí ẹ wà nínú yàrá kejì, Windows yóò da iṣẹ́ yín sínú hiberfil.sys kó tó kú. Tí iná bá dé, ẹ óò bá gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pa á, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta tí kò tíì fi pamọ́ lè bá a lọ. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í sì í pẹ́ rẹ̀.

Àwa kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. 38 ń bẹ nílẹ̀, kí la fẹ́ fi 3 ṣe?

Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà lórí inverter, tí kò sì lo hibernate rí, òun lè pa á. Kò léwu fún un.

Kúnlé Díráìfù

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni èmi ń tún ṣe jù, n kò rò ó dé ibi bátìrì. Onífídíò, fi í sílẹ̀.

Ti System Volume Information: ibẹ̀ ni Windows ń kó àwọn àmì ìpadàsẹ́yìn sí, kó lè dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Kọ vssadmin list shadowstorage sínú Command Prompt tí o ṣí bí administrator, yóò sọ iye tó ń lò àti iye tó láṣẹ láti lò. Láti dín in kù, wá Create a restore point láti inú Start, mú C:, tẹ Configure, fa Max Usage wá sílẹ̀. Mo máa ń fi í sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún fún SSD kékeré. Má pa á pátá.

Ohun kan tí mo tún fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ń ka èyí: tí WizTree bá fi fódà kan tó ń jẹ́ WinSxS hàn yín nínú Windows, tí ẹ rí i pé ó tóbi, ẹ má pa á rẹ́ láé. Púpọ̀ nínú fáìlì rẹ̀ wà ní ibòmíràn nínú Windows lábẹ́ orúkọ méjì, fáìlì kan náà ni, File Explorer sì máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí kò tàn mọ́ nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbá a mọ́, àṣẹ tó wà fún un ni DISM /Online /Cleanup-Image /StartComponentCleanup. Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows 11 lé orí 10 yóò bá Windows.old. Ìyẹn á parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10.

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ó dùn mí di òní. Lọ́dún tó kọjá, dísìkì mi kún báyìí. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wo ohun tó kún un rárá. Ó ní ká fọ́máàtì ẹ̀ ni, mo sì gbà. Ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́fà tí mo tẹ̀ fúnra mi lọ bẹ́ẹ̀.

Kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tó tún kún! Ìgbà yẹn ni ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi jókòó tì í pẹ̀lú TreeSize, ètò kan bíi WizTree. Google Drive ni. Nígbà tí mo fi í sórí láptọ́ọ̀pù, mo mú Mirror files láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mirror túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà nínú My Drive mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì mi pẹ̀lú, títí kan fídíò ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kó síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó yí i padà sí Stream files, ìyẹn ni pé èyí tí mo bá ṣí nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Àyè padà wá. Bó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ wò ó ni, n kò bá má pàdánù ohunkóhun.

Ẹni tó bá ń lo OneDrive, tẹ fódà náà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún máòsì, kí ẹ mú Free up space. Fáìlì á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò kù lọ́dọ̀ yín. Ẹ rí i pé ó ti gòkè tán kí ẹ tó ṣe é.

Sáfà Lóru

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyẹn dunni.

Mo fẹ́ fi ti Linux kún un, nítorí sáfà ilé iṣẹ́ kékeré méjì ló wà lọ́wọ́ mi. df -h ló ń sọ bí dísìkì ṣe kún sí. du ló ń sọ ẹni tó kún un. Èyí tí mo ń lò lójoojúmọ́ ni ncdu -x /, ẹ̀dà WizTree ni fún ẹni tí kò ní ju ojú dúdú àti lẹ́tà funfun lọ: ọfà lẹ fi ń rìn wọlé, èyí tó tóbi jù ló wà lókè. x yẹn ni kó má baà ré kọjá lọ sínú dísìkì mìíràn. Ẹni tó ń lo Ubuntu tó ní ojú àwòrán ti ní Disk Usage Analyzer nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóru ọjọ́ kan. df ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo wá a, mo bá fáìlì lọ́ọ̀gù kan, 40 GB. Mo fi rm pa á rẹ́. Mo tún kọ df, 100 ṣì ni. du ní tirẹ̀ ní fáìlì náà kò sí mọ́. Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ yẹn, òógùn ń bò mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ fáìlì nìkan ni rm yọ. Ètò tó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ ṣì di í mú, nítorí náà Linux kò lè gba àyè náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. lsof +L1 ló fi í hàn mí: orúkọ ètò náà, nọ́ńbà rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ deleted níwájú 40 GB. Mo pa ètò náà, mo tún un tàn, àyè sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, truncate -s 0 ni mo ń fi sọ lọ́ọ̀gù tó ti wú di òfo, n kì í pa á rẹ́ mọ́.

Ohun méjì mìíràn. Bí df bá ní àyè wà, tí ẹ̀rọ sì ń sọ pé kò sí, ẹ kọ df -i. Ó lè jẹ́ inode ló tán, ìyẹn iye fáìlì tí dísìkì lè ní, bí fáìlì kéékèèké bá ti pọ̀ jù. Bákan náà, ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Linux sábà ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, máa ń ya 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root, alábòójútó ẹ̀rọ. Lórí dísìkì 1 TB, ó tó 50 GB. Lórí dísìkì tí ẹ ń kó fídíò sí lásán, ẹ lè fi tune2fs -m 1 dín in kù. Lórí èyí tí ẹ̀rọ fi ń tàn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Akọ́wé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. A ra dísìkì àfikún 2 TB, mo kó àwọn ìwé kéékèèké ìjọ sínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ orin, àkọsílẹ̀ ọmọ ìjọ, fáìlì bí 100,000. Properties ní Size rẹ̀ kò ju 1 GB lọ, ṣùgbọ́n Size on disk ní 12 GB. Èwo ni mo fẹ́ gbàgbọ́? Mo sì máa ń pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀ láti inú Mac alága wa, àyè kì í sì í padà.

Kúnlé Díráìfù

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ó jọ pé exFAT, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ni wọ́n fi fọ́máàtì dísìkì yẹn. Lórí exFAT tó tóbi ju 32 GB lọ, Windows máa ń pín dísìkì sí yàrá 128 KB, fáìlì méjì kì í sì í gbé yàrá kan. Fáìlì 2 KB kan gba yàrá 128 KB, ó sì tì í. Ẹ fi 100,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí 12 GB yín. Bí ẹ bá di àwọn ìwé ọdún àtijọ́ pọ̀ sínú zip kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, wọn á di fáìlì kan, àyè náà á sì padà.

Ti Mac: bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ lórí dísìkì àfikún láti inú Mac, inú fódà kan tó fara pamọ́ lórí dísìkì náà, .Trashes, ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí dísìkì wà lára Mac, kí ẹ mú Empty Trash, kí ẹ tó yọ ọ́.

Ará Peckham

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ Mac: System Settings, General, Storage. Ẹ óò rí ibi kan tí wọ́n kọ System Data sí, tó sábà máa ń tóbi débi tí ọkàn ènìyàn á fi fò. Tèmi jẹ́ 96 GB. Mo wá a fún ọjọ́ méjì. 61 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ iPhone àwọn ọmọ mi, títí kan fóònù tó ti fọ́ látọjọ́ pípẹ́. Nínú Library yín ni wọ́n wà, Application Support, MobileSync, Backup. Ẹ so iPhone kan mọ́ ọn, ẹ ṣí Finder, ẹ tẹ Manage Backups, kí ẹ yọ àwọn tí ẹ kò fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dà fóònù tó ti fọ́ yẹn ní fọ́tò bàbá mi tó dolóògbé nínú, nítorí náà mo kó o sórí dísìkì mìíràn ná kí n tó yọ ọ́.

Ìyókù jẹ́ àwòrán ìṣẹ́jú tí Time Machine, ètò ìpamọ́ Mac, ń ṣe sórí dísìkì fúnra rẹ̀, kódà bí dísìkì ìpamọ́ kò bá sí lára kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ tmutil listlocalsnapshots / nínú Terminal, ẹ óò rí wọn pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mac máa ń yọ wọ́n fúnra rẹ̀ bí àyè bá há, nítorí náà ẹ má yọ ara yín lẹ́nu sí ìyẹn.

Onífídíò Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe é. Media Cache, 38 GB, ó lọ. Temp, 6 nínú 7. Mo fa àmì ìpadàsẹ́yìn wá sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹ̀gbọ́n Kúnlé ṣe sọ, 7 GB padà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Downloads, mo bá fódà Telegram Desktop nínú rẹ̀, 19 GB, fídíò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú (1) àti (2) lẹ́yìn orúkọ. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó èyí tó dára sórí dísìkì àfikún, mo sì pa ìyókù rẹ́. 1.8 ti di 71.8 GB. Hiberfil àti pagefile, n kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo sì ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ẹ̀gbọ́n. Lálẹ́ àná mo kọ iye rẹ̀, mo gbé fídíò ìyàwó wọlé, mo lọ sùn. Láàárọ̀ yìí, Adobe Common ti tún wú sí 2.8 GB. Òun náà ni! Ọjọ́ mélòó ni mo ti ń pa orin ìyá mi rẹ́ nítorí ìyẹn.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n gbé Media Cache lọ sórí dísìkì àfikún kí ó má baà dé C: mọ́?

Àgbà Oníkọ̀ǹpútà

O káre. Irú dísìkì àfikún wo ni? Bí ó bá jẹ́ SSD tó wọ ihò USB 3, gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń yí nínú, tí o ń gbọ́ ìró rẹ̀, fi Cache sílẹ̀ lórí C:, nítorí gígé rẹ á máa fà. Nínú Media Cache yẹn kan náà, ibì kan wà tí o ti lè sọ pé kí ó pa ara rẹ̀ rẹ́ bí ó bá ti ju iye GB kan lọ. Fi 20 sí i.

Kí o tó mú Export, wo àyè rẹ. Bí o bá ń gbé e jáde ní 50 Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan jẹ́ 22.5 GB. Fídíò ìyàwó wákàtí mẹ́ta ti sún mọ́ 68. Lórí 69 tó ṣẹ́ kù fún ọ lẹ́yìn 2.8 yẹn, kò ní sí àyè mímí. Gbé e jáde tààrà sórí dísìkì àfikún, ìyẹn kò nílò eré.

Onífídíò Mọ́kọ́lá

Èyí tó ń yí ni, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ti fi 20 sí Cache lórí C:, mo sì darí Export sí dísìkì àfikún. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni fídíò náà. Ó ti ń jáde báyìí, 34 nínú ọgọ́rùn-ún, C: ṣì wà ní 69.